Bàbá, Ta Ni Ẹ Fún ní Ọkọ̀ Náà?

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín nígbà tí mo bá ti oko dé tí mo bá yín lórí ẹní lábẹ́ igi kajú. Inú mi ò dùn sí yín. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé lẹ́tà ẹkún ni mo kọ. Mo ti sunkún tèmi nígbà tí a sin yín. Ìbínú ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ìyá wà. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún bó ṣe máa ń dùn ún tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó sì máa ń bu oúnjẹ yín sọ́tọ̀ nígbà mìíràn kó tó rántí. Iṣu ọdún yìí ta dáadáa. Kajú ò fi bẹ́ẹ̀ so, nítorí ọyẹ́ pẹ́ kó tó lọ, òdòdó rẹ̀ sì gbẹ dànù. Ẹ̀yin ẹ̀ bá ti mọ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Èmi kàn ń wò ó ni.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá.

Ṣé ẹ rántí ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ pè mí sẹ́yìn ilé? Ojú yín ti ń ṣú nígbà yẹn, èmi ni mo sì ti ń wa bàṣé wa, ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí gbogbo ará Manigri mọ ìró rẹ̀ ju ohùn ìyàwó wọn lọ. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde lápò, ẹ fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ sì ń ká ìka mi lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àtàǹpàkò títí dé ọmọńdinrín. Ẹ ní tèmi ni ọkọ̀ náà lẹ́yìn yín. Ẹ ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pa á mọ́ bí ẹ ṣe wí. Mo rán an mọ́ etí ìró mi, mo sì ń sùn pẹ̀lú rẹ̀. Èmi, ọmọ obìnrin, ni bàbá mi fún ní ọkọ̀! Ẹ ò mọ bí mo ṣe ga tó láàárín ara mi ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn.

Ohun tí mo máa ń rántí jù nípa yín ni òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Àga kan ṣoṣo ló wà níwájú bàṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹni tí kò bá rí i jókòó sí, orí iṣu ni yóò gùn, eruku á sì bò ó dé Bassila. Gbogbo obìnrin tó bá ti bẹ̀ yín fún àga náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ẹ máa ń fún. Ẹ kì í lè wo ojú ènìyàn kí ẹ ní rárá. Tí ilẹ̀ bá mọ́, obìnrin mẹ́ta á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kan náà, kálukú á máa búra pé òun ni ẹ ṣèlérí fún. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ti lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ ń wo táyà. Ẹ ó fọwọ́ gbá a, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó wò ó bí ẹni tí kò rí táyà rí láyé. Ẹ kì í dìde níbẹ̀ títí wọ́n á fi bá ara wọn parí ìjà náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé awakọ̀ tó mọṣẹ́ ló ń ṣọ́ táyà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ yín pé, a ṣàdúrà, a pín oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi Ràímì, ọmọ yín ọkùnrin kan ṣoṣo, wá láti Kútọnu níbi tó ti ń bá àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì àdúrà, ó ní òun ń gbé bàṣé lọ tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò ara rẹ̀, ó sì wà á lọ. Mo rò pé èyí tí a máa ń fi kọ́ sára ògiri ni. Ó bá Ìyá sọ̀rọ̀ nínú yàrá díẹ̀ kó tó lọ, Ìyá sì fún un ní ìwé ọkọ̀. Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ta ló ń fura sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọjọ́ bàbá wọn?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ńlá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọkọ̀ kékeré funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi okùn dè bí àgbò iléyá. Ràímì bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ oníná ni, ó ní. Kò ní mu epo ẹsáǹsì mọ́ láé, kò ní sí pé à ń ra kpayo, ẹsáǹsì fàyàwọ́, nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, kò ní sí pé epo tí wọ́n pò mọ́ omi ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, nítorí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọkọ̀ tí ọkọ̀ pọ̀n. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi wà á wá láti Kútọnu. Ó ní ọ̀nà náà jìn díẹ̀ fún un. Ó yẹ kí n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.

Mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá náà bóyá màá rí bàṣé. Kò sí níbẹ̀. Ó ti fi ṣe pàṣípààrọ̀. Bàṣé yín, tí ẹ fi gbé mi lọ sílé ìwé, tí wọ́n fi gbé àwọn aboyún Manigri lọ sí Bassila, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kun ní àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fi í fún àwọn ará Kútọnu kí wọ́n tú u ta ní irin. Mo wọlé, mo jókòó, mo tú etí ìró mi. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí kò sí mọ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Ìyá náà ti wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò sì jáde títí ọjọ́ kejì. Mo rò pé orúnkún ni.

Kí n má parọ́, ọkọ̀ náà wù mí fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ó tutù nínú, ó sì ń lọ bí ẹní ń rìn lórí òwú. Ṣùgbọ́n kò dún, ìyẹn sì ni wàhálà àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin ti fi ogún ọdún jókòó sílé de ìró bàṣé yín kí wọ́n tó gbé iṣu jáde. Èyí kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn wẹ́rẹ́, wọ́n ṣì jókòó, wọ́n ń retí ọkọ̀ tó ti lọ. Ìyá Sàfíyà tó ń ta omi yìnyín nítòsí wa, tó tún ń kó iṣu lọ sọ́jà, sáré tẹ̀ lé wa dé títì lọ́jọ́ kan, apẹ̀rẹ̀ lórí, ó ń bú gbogbo ìran wa. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fun fèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò títí dé òpin.

Wàhálà kejì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ mọ iná wa ní Manigri. Tí gbogbo ènìyàn bá tan fáànù, gílóòbù á pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Ọkọ̀ yìí á mu iná láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò sì ní yó. Yìnyín Ìyá Sàfíyà ò dì mọ́. Wáyà tí Ràímì fà láti inú ilé gbóná débi pé ara rẹ̀ rọ̀, àpótí iná tó wà lára ògiri sì ń rùn bí iṣu tó jóná. Ìyá ní kí wọ́n má sun ilé náà mọ́ òun lórí. Ràímì ní a ó mọ́ ọn lára. Gbogbo nǹkan ló ní a ó mọ́ lára.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Alédjo.

Laboko ti jáde, ìyẹn iṣu àkọ́kọ́ ọdún tí ẹ fẹ́ràn láti sun jẹ pẹ̀lú epo àti iyọ̀. A fẹ́ kó o lọ sí ọjà Alédjo lórí òkè. Ràímì fẹ́ mọ iye kílò tí ẹrù náà jẹ́, nítorí ìwé ọkọ̀ sọ iye kílò tó lè gbé. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ta ló ń wọn iṣu ní Manigri? Kíkà ni à ń kà á. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹrù ti tó: a ó fi àtẹ́lẹwọ́ sáàárín táyà àti irin tó bò ó lókè. Tí ọkọ̀ bá kúnlẹ̀ débi pé àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo ló gbà, ó ti tó. Mo ń kó iṣu, mo ń fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ náà ò kúnlẹ̀. Mo kó sí i. Kò kúnlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé bátìrì tó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi irin líle sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kí ó má baà kúnlẹ̀. Mo rò pé ọkọ̀ alágbára ni. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, Bàbá, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ràímì ló wà á. Ìyá Sàfíyà jókòó síwájú, èmi wà lórí iṣu lẹ́yìn wọn. A kọjá Bassila, a kọjá Pénéssoulou, ara wa yá. Nígbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga, mo rí i láti ẹ̀yìn pé Ràímì ti pa atẹ́gùn inú ọkọ̀, ó sì ń ṣí fèrèsé. Ó ń ṣọ́ iye iná tó kù nínú bátìrì. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ ń fà. Lẹ́yìn náà ó dúró sójú òkè, pẹ̀lú gbogbo laboko wa nínú oòrùn, kò sì sí igi kan nítòsí. Bàṣé ti kú lójú ọ̀nà pẹ̀lú wa rí, ẹ mọ̀. Ẹ ó ṣí i, ẹ ó fẹnu fa epo, ẹ ó gbá nǹkan kan, á sì tún dún. A ṣí iwájú èyí. Ike dúdú ló bò ó látòkè délẹ̀. Kò síbi tí èèyàn á gbá.

Ẹ fẹ́ mọ ẹni tó gbà wá? Ọlọ́kọ̀ kan tó kó kpayo ni. Ó fi okùn fà wá padà sí Pénéssoulou, ó ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọ̀nà, mi ò sì lè bá a wí. Iná ìlú ò sí lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ jórinjórin kan la ti rí ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ náà sì ń mu ẹsáǹsì bí ẹni tó ń ṣínu ààwẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní mu ẹsáǹsì láé, ìgò lórí ìgò la rà kí ó tó lè gbé wa dé ilé. Ọjọ́ ọjà ti kọjá. Ìyá Sàfíyà gun ọ̀kadà zẹmí lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni.

Mẹkáníìkì yín àtijọ́ ní Bassila wá wò ó. Ó ṣí i, ó ní Bìsìmílláì, ó sì tún pa á dé. Ràímì pe àwọn ará Kútọnu. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé bátìrì náà ti gbó kí ó tó dé ọwọ́ wa. Àwọn kan ti lò ó ní ìlú òtútù títí agbára rẹ̀ fi dín, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Irú tuntun ni wọ́n ń ṣe, kò sì wọ inú tiwa. Mo kà á lórí fóònù pé nínú ilẹ̀ Kóńgò ni wọ́n ti ń wa ọ̀kan nínú àwọn ohun tó wà nínú bátìrì bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti wà á, ó yí gbogbo ayé ká, ó sì padà wá kú sí ojú òkè Alédjo lábẹ́ iṣu mi. Èmi ò sọ pé irú ọkọ̀ náà kò dára. Ó lè dára níbi tí wọ́n ti pèsè iná àti ẹni tó lè tún un ṣe dè é. Àwa ò pèsè nǹkan kan dè é.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní olè. Níwájú Ìyá ni. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mi jáde, mo jù ú síwájú rẹ̀, mo ní kó sọ ẹ̀tọ́ tó ní lórí ọkọ̀ tí Bàbá fún mi. Ràímì ki ọwọ́ bọ àpò. Ó mú tirẹ̀ jáde, nítorí àwọn tó ń tú ọkọ̀ ta ní irin kò béèrè kọ́kọ́rọ́.

Bàbá, mo ti fẹ́ ní irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ó sọ bí ẹ ṣe wá sí Kútọnu nítorí ojú yín, bí ẹ ṣe jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́. Ó sì na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó ń ká ìka rẹ̀ lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àtàǹpàkò títí dé ọmọńdinrín. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn parọ́. Ẹ ní kí òun náà má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Ìyá dìde. Ó wọlé, ó gbé àkísà kan jáde, èyí tó fi máa ń di ìwé ọkọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín kọ́kọ́rọ́ méjèèjì.

“Èmi náà ńkọ́?” ó ní. “Bàbá yín ní tí òun bá kú, kí wọ́n tà á, kí n fi owó rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà. Mo rò pé ohun tí Ràímì fẹ́ fi ìwé náà ṣe nìyẹn.”

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹkún tẹ̀ lé e. Mi ò tíì rí kí Ìyá sunkún bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí a sin yín pàápàá.

Ràímì wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò sìn ín dé títì. Mo ti pè é ní olè, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olè, mi ò sì mọ ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí, a kì í bára wa sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ funfun wà lábẹ́ igi kajú yín, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ń gun zẹmí lọ sọ́jà, iṣu díẹ̀díẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ ṣe é? Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ kan ni. Ẹ mọ̀ pé ọmọ méjì ni wá, ẹ sì mọ ìyàwó yín. Ṣé ẹ rò pé a kò ní bára wa sọ̀rọ̀ láéláé? Nígbà tí ẹ ń ká ìka mi, ṣé ti Ràímì ni ẹ ń rò? Èwo nínú wa ni ẹ kọ́kọ́ fún? Mo kórìíra pé mo ń béèrè ìyẹn, ṣùgbọ́n mo ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ dà mí, Bàbá. Kì í ṣe Ràímì ló dà mí, kì í sì ṣe àwọn tó ta òkú bátìrì fún un. Ẹ̀yin ni.

Ìyá Sàfíyà wá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú rẹ̀ ti rọ̀. Mo bi í bóyá ó máa ń bínú sí yín láyé ọjọ́sí nítorí àga iwájú. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo àwọn ló mọ̀ pé ẹ ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn kí ẹ tó ṣèlérí fún àwọn. Wọ́n ṣì ń wá bẹ̀ yín, nítorí bí ẹ bá ti ní “tìẹ ni”, ẹ máa ń sọ ọ́ débi pé èèyàn á fi ayọ̀ sùn lọ́jọ́ náà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á pariwo díẹ̀, ẹni méjì á fi ìdajì ìdí jókòó sórí àga kan, ẹnì kẹta á gun iṣu. Ó yà á lẹ́nu pé èmi tí mo jẹ́ ọmọ yín ò mọ̀.

Èmi ò mọ̀. Èmi gbà yín gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni a ó ṣàdúrà ọdún kan yín. Ràímì ti ránṣẹ́ sí Ìyá pé òun ń bọ̀. Mo ti gbá yàrá rẹ̀, mo sì ti fi laboko mẹ́ta pamọ́ fún un. Ohun tí màá sọ nígbà tó bá bọ́ sílẹ̀, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. A ó wà níbẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́nu ilẹ̀kùn kan náà, kálukú pẹ̀lú ìlérí tirẹ̀. Mo sì mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ ń retí kí a bá ara wa parí rẹ̀.

Ẹ dìde níbẹ̀, Bàbá. Kò sí ohun tó ṣe táyà.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tó ti rán kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà mọ́ etí ìró.